Yẹ̀pẹ̀ ìdí pòtétò: òrùlé ni, kì í ṣe ajílẹ̀

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá, mo gbin pòtétò sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi, mi ò sì kó yẹ̀pẹ̀ kankan sí i nídìí. Nígbà tí mo wà á, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ti ní àwọ̀ ewé lára. Mo ti gbin òmíràn báyìí, ó ti hù, ó sì ti ga ju ìbú ọwọ́ mi lọ. Ẹnì kan ní bí yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ bá ṣe ga tó ni yóò ṣe ta tó, pé kí n máa kó o títí yóò fi dé ọrùn rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ìgbà wo ni kí n kó o, ẹ̀ẹ̀melòó, kí ó sì ga tó báwo? Èyí tó bá sì ti ní àwọ̀ ewé, ṣé ó ṣeé jẹ?"

Ẹ kú làálàá ọgbà. Àwọn méjèèjì ló ṣì yín lọ́nà, àmọ́ ti ẹni kejì ló burú jù, torí ẹ ti fojú ara yín rí ohun tí àìkó yẹ̀pẹ̀ ń fà. Ẹni àkọ́kọ́ ní tirẹ̀ gbọ́ òótọ́ díẹ̀, ó wá fi àsọdùn bò ó.

Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé òrùlé ni yẹ̀pẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń kan òrùlé lé òrùlé kí yàrá lè pọ̀ sí i. Kí oòrùn má bàa bá ẹni tó wà nínú ilé la ṣe ń kàn án. Pòtétò ló wà nínú ilé tiwa yìí, ìmọ́lẹ̀ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Tí a bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ìbéèrè yín dáhùn ara rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí mò ń sọ, ẹ yan igi kan tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún látìgbà tó ti hù. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, kí ẹ fi ìka rọra fá yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọkọ́ ṣe é. Ẹ óò kọ́kọ́ rí i pé igi tó jẹ́ aláwọ̀ ewé lókè di funfun níbi tó ti wọ ilẹ̀. Lára apá funfun yẹn ni àwọn okùn kan ti ń yọ, tí wọ́n nípọn ju gbòǹgbò lọ, tí wọ́n ń na gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí wọ́n rì sísàlẹ̀. Ẹ tọ ọ̀kan nínú wọn lọ dé orí. Orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Tí àkókò bá ti tó, ibi tó tẹ̀ yẹn á ti wú bí ẹyọ ẹ̀wà kan, á máa dán, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ débi pé èékánná lè bó o. Pòtétò nìyẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ẹ dá yẹ̀pẹ̀ padà bò ó kíákíá.

Ẹ wá kíyè sí ibi tí àwọn okùn náà ti yọ. Òkè irúgbìn tí ẹ gbìn ni, láàárín òun àti ojú ilẹ̀. Àyè tí pòtétò ní láti ta sí kò ju àlàfo yẹn lọ. Tí ẹ bá gbin irúgbìn sí sẹ̀ǹtímítà 10 péré, tí ẹ ò sì kó nǹkan kan lé e, inú sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn ni gbogbo ọmọ rẹ̀ máa há mọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń tóbi ni wọ́n á máa ti ara wọn, èyí tó wà lókè á sì fi èjìká gún ilẹ̀ jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín lọ́dún tó kọjá nìyẹn.

Ohun tó ń mú kí ó di aláwọ̀ ewé ni pé pòtétò kì í ṣe gbòǹgbò bíi kárọ́ọ̀tì. Ẹ̀ka igi ni, tó sanra sábẹ́ ilẹ̀. Ojú tí ẹ ń rí lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ lára igi èyíkéyìí. Ẹ̀ka tó bá sì rí ìmọ́lẹ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó di aláwọ̀ ewé. Tí orí okùn bá yọ síta kó tó wú, kò ní di pòtétò mọ́, á kàn rúwé bí igi yòókù. Tó bá ti di pòtétò kó tó yọ, awọ rẹ̀ á yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, á sì máa korò. (Ọ̀dùnkún tó dùn bíi ṣúgà, gbòǹgbò ni tirẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ má fi òfin ibí yìí lò ó.)

Ọ̀rọ̀ pé kí yẹ̀pẹ̀ dé ọrùn wá ńkọ́? Òótọ́ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí apá igi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ bá gùn sí i nígbà tí igi ṣì kéré, okùn lè yọ níbi púpọ̀ sí i, àyè á sì gba àwọn ọmọ. Àmọ́ òótọ́ náà kì í jìnnà. Pòtétò tó ń tètè gbó máa ń yọ okùn rẹ̀ nítòsí irúgbìn, ó parí. Èyí tó ń pẹ́ kó tó gbó lè fi díẹ̀ kún un, síbẹ̀ kò ní máa ta ní ìpele-ìpele bí ilé alájà.

Èmi náà ti dán an wò nígbà tí mi ò gbọ́n. Mo gbin irúgbìn mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ àpò ńlá kan. Bí wọ́n bá ṣe ń ga ni mò ń da yẹ̀pẹ̀ lé wọn, mo fi oṣù méjì kún un dé ẹnu àpò. Mo ti ń fi ọkàn ka iye agbọ̀n tí màá kó. Nígbà tí ewé gbẹ tán, mo fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ àpò náà láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tí mo rí ni yẹ̀pẹ̀, igi funfun, gbòǹgbò tín-ín-rín. Yẹ̀pẹ̀, igi funfun, gbòǹgbò tín-ín-rín. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí mo fi dé ìbú ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ kó ara wọn jọ sí. Wọn ò tó iye tí mò ń rí nínú ebè lásán. Ewé ni ilé ìdáná pòtétò. Gbogbo ewé tí mo fi oṣù méjì sin sínú yẹ̀pẹ̀, oúnjẹ tí wọn ì bá sè ni mo sin pẹ̀lú wọn.

Iye tí mo wá fara mọ́ kò pọ̀. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí èhù bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ìyẹn ni pé tiyín ti tó báyìí. Ẹ kó o láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí nǹkan bí ìdajì igi yóò fi wọ inú rẹ̀, kí orí rẹ̀ àti ewé òkè, bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ṣì wà ní gbangba. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tún un ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ti tó. Ẹ̀ẹ̀kẹta kò burú tí òjò bá ti wẹ ebè. Nígbà tí ẹ bá parí, kí yẹ̀pẹ̀ tó wà lórí irúgbìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lápapọ̀. Tó bá ti kọjá ìyẹn, eré ìdárayá lẹ̀ ń ṣe.

Ẹ dáwọ́ dúró kí ewé ìlà kan tó kan ti ìlà kejì, tàbí nígbà tí òdòdó bá ti ń yọ orí. Ìdí ni pé nǹkan bí àkókò òdòdó ni ọ̀pọ̀ irú pòtétò ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta, okùn wọn á sì ti nà kúrò nídìí igi nígbà yẹn. Ọdún kan wà tí iṣẹ́ mìíràn gbà mí lọ́wọ́, mo pẹ́ kí n tó padà sí ọgbà. Òdòdó ti tú nígbà tí mo gbé ọkọ́ wọ àárín ìlà. Bí mo ṣe sọ ọkọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, okùn funfun kan yọ lójú ọkọ́, ó ti já, ọmọ kan bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù rọ̀ létí rẹ̀. Mo dúró, mo fi ọwọ́ tú ibi tí mo ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ wò. Mọ́kànlá ni mo kà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti pẹ́, ewé gbígbẹ tàbí ajílẹ̀ tó ti jẹrà ni mo máa ń bù lé e láti òkè, mi ò jẹ́ fi irin kan ilẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti máa wá ló máa ń há ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣe ọgbà ilé. Àárín ìlà la ti ń kó o, nínú poro. Bí poro ò bá fẹ̀, kò sí yẹ̀pẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 70 sí 75 sáàárín ìlà kan àti èkejì, kí irúgbìn kan sì jìnnà sí èkejì rẹ̀ ní bí 30. Ẹni tó bá fi 40 péré sáàárín ìlà nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ kéré, gbòǹgbò ìlà kejì ló máa gbẹ́ nígbà tó bá ń wá yẹ̀pẹ̀ fún ìlà kìíní. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ láti apá ibòmíràn nínú ọgbà, níbi tí ẹ kò ti gbin tòmátì tàbí pòtétò láìpẹ́, torí ìbátan ni àwọn méjèèjì, àrùn kan náà ló sì ń bá wọn jà.

Kí ẹ tó kó o, ẹ fi ọkọ́ tú ojú poro díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí yẹ̀pẹ̀ lè rọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Tí ó bá dì bí amọ̀ tí kò sì fẹ́ tú, ẹ padà sílé, ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire. Yẹ̀pẹ̀ tó tutù jù á gbẹ di òkúta yí igi ká. Tí ó bá ń bọ́ láàárín ìka bí eérú, ẹ bomi rin ilẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ṣe é ní òwúrọ̀. Èyí tó bá dì díẹ̀, tó sì tú nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, òun lẹ̀ ń wá. Èpò kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á ti wọ abẹ́ ebè pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ti roko láìmọ̀.

Ohun tí wọn kì í bi mí, tó sì ṣe pàtàkì lójú mi ju gíga lọ, ni ìrísí ebè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó o jọ ṣóńṣó, ó sì máa ń wuni lójú. Àmọ́ ẹ rántí okùn tí ẹ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Ebè tó ṣe ṣóńṣó nípọn lókè níbi tí pòtétò kò sí, ó sì tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí pòtétò wà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni ọmọ á ti yọjú. Ebè tó dára fẹ̀ nísàlẹ̀, èjìká rẹ̀ sì kún. Tí ẹ bá na àtẹ́lẹwọ́ yín láti ìdí igi sí ẹ̀gbẹ́, kí orí ebè gba gbogbo rẹ̀ kó tó máa dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀, ẹ ṣe orí rẹ̀ roboto kí omi lè ṣàn sínú poro, torí pòtétò tó bá wẹ̀ sínú omi á jẹrà. Níbi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ fi ìka fa ojú omi tí kò jìn sí orí ebè, kí omi tí ẹ bá bù lè rì wọ inú dípò kó ṣàn lọ.

Iṣẹ́ òrùlé kò sì tán lọ́jọ́ tí a kàn án. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ rìn gba àárín ìlà kọjá ní òwúrọ̀. Ẹ óò rí ibi tí ilẹ̀ ti sán, ìlà tín-ín-rín bí ètè tó ṣí díẹ̀. Tí ẹ bá ti ìka bọ̀ ọ́, nǹkan líle tó ń dán á kàn yín lọ́wọ́: pòtétò tó ń tóbi ló ń fi èjìká ti ilẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan ti tó láti dí i pa. Ẹ má fi í ṣeré, nítorí ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gba ẹnu yẹn wọlé. Àfòpiná kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Phthorimaea operculella. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ló ń wá láti yé ẹyin sí ojú pòtétò, ìdin rẹ̀ á sì máa gbẹ́ ọ̀nà káàkiri inú rẹ̀. Bákan náà ni Phytophthora infestans, àrùn tó ń sọ ewé di dúdú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í run oko pòtétò ní Ireland ní 1845 tí ìyàn ńlá fi mú níbẹ̀. Òjò ló ń wẹ̀ ẹ́ kúrò lára ewé wọ inú ilẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó nípọn, tí kò sán, á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró kó tó dé ara ọmọ. Tí ẹ bá rí ewé bẹ́ẹ̀, ẹ má sin ín sínú ebè o. Ẹ gé e, ẹ kó o jáde kúrò nínú ọgbà.

Ojú ọjọ́ náà ní ohun tó ń sọ. Níbi tí ìrì dídì ti ń bọ́, ẹ lè bo èhù kékeré mọ́lẹ̀ pátápátá ní alẹ́ tí òtútù bá fẹ́ mú gan-an. Á tún hù jáde, torí oúnjẹ ṣì wà nínú irúgbìn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo fara mọ́ sísin gbogbo ewé nìyẹn. Níbi tí ooru ti ń mú, ìṣòro mìíràn ni. Ilẹ̀ tó tutù bíi dígírì 15 sí 20 ni pòtétò fẹ́ràn láti ta sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbóná tó 30, kò fẹ́ ta mọ́, ewé nìkan lá máa ṣe. Ebè tó ga, tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, máa ń gbóná kíákíá. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kó yẹ̀pẹ̀ tán.

Àwọn kan tilẹ̀ ń fi koríko gbígbẹ nìkan ṣe gbogbo rẹ̀, láìlo yẹ̀pẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, pòtétò á sì mọ́ nígbà tí ẹ bá ń kó o. Àmọ́ kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì máa fi kún un, torí bó bá ṣe ń jẹrà ni á máa rọlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ́ gba àárín rẹ̀. Eku àti ìgbín náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ti mọ̀. Ẹni tó bá gbin tirẹ̀ sínú garawa tàbí àpò, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 15 yẹ̀pẹ̀ nísàlẹ̀ irúgbìn, kí ó fi 10 bò ó, kí ó sì fi kún un lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe wí. Ohun tó bá kù lókè, kí ó fi sílẹ̀ fún omi.

Ó wá ku ti àwọn aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, ohun tó wà nínú gbogbo ewé ni. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó fà á náà ló ń mú kí solanine àti chaconine pọ̀ sí i lára pòtétò. Májèlé làwọn méjèèjì, àwọn ló sì ń mú un korò. Inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n máa ń fà. Síse kì í pa á, díndín náà kì í pa á. Awọ àti abẹ́ awọ ló pọ̀ sí jù, nítorí náà, tí àmì náà kò bá ju èékánná lọ, ẹ gé e jìn, kí ẹ bó awọ rẹ̀ nípọn. Tó bá ti gba apá ńlá lára rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fún ẹran ọ̀sìn. Èyí tó bá korò lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ ti sè é, ẹ tu ú dànù lójú ẹsẹ̀, kódà tí ẹ ò rí àwọ̀ kankan lára rẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé ní èyíkéyìí tí ẹ bá ń ṣiyèméjì sí. Èso kéékèèké tó máa ń so lẹ́yìn òdòdó, tó dà bíi tòmátì tútù, májèlé ni òun náà. Ẹ já a kúrò tí ọmọdé bá ń ṣeré nínú ọgbà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wa tọdún yìí, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ sì kó o sí ibi tó ṣókùnkùn, torí ohun tí oòrùn ń ṣe fún un nínú ebè, gílóòbù inú yàrá náà lè ṣe é. Tí díẹ̀ nínú àwọn aláwọ̀ ewé ti ọdún tó kọjá bá sì wà nílẹ̀, tí wọn kò jẹrà, tí kò sí àrùn lára wọn, ẹ má jù wọ́n nù. Àwọ̀ ewé kò dí wọn lọ́wọ́ híhù. Ẹ fi wọ́n ṣe irúgbìn ìlà tó kàn, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 75 yẹn sáàárín ìlà.